Bí Ẹ Ṣe Lè Di Oníṣẹ́ Páànù ní Amẹ́ríkà Nípasẹ̀ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́

Bí afẹ́fẹ́ tútù bá ń fẹ́ sí yín lára nínú ilé ìwòsàn ńlá kan ní Houston tàbí ní Baltimore, inú páànù ló gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹnì kan ló wọn páànù náà, ló gé e, ló ṣẹ́ etí rẹ̀, ló so ó mọ́ra, ló sì gbé e kọ́ sókè àjà. Sheet metal ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ páànù ni n óò máa pè é níhìn-ín. Ó gbòòrò ju ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn kan ń fi bàbà àti alumíníọ́mù bo òrùlé àti ara ilé, àwọn kan ń jó irin pọ̀ fún ilé iṣẹ́ ńláńlá, àwọn kan ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé wíwọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ yàrá kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ wọn, wọn yóò sì máa tún un ṣe títí yóò fi bá iye tó wà nínú ìwé àwòrán ilé mu.

Lójú tèmi, kò sí ọ̀nà tó dára láti kọ́ iṣẹ́ yìí tó ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń darí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í gbọ́ nípa rẹ̀ títí ilẹ̀kùn yóò fi tì. Fọ́ọ̀mù á jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé wọn kò ní pé, ìṣirò wọn á sì ti dípẹtà. Ohun tí èèyàn bá ṣe ní oṣù mẹ́fà ṣáájú fọ́ọ̀mù ló ń gba ipò fún un. Nítorí náà, ẹ óò rí i pé orí ìmúrasílẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù lọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àwọn tó ń kọ́ni

SMART ni orúkọ ẹgbẹ́ náà lónìí. Ọdún 1888 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ páànù sílẹ̀ ní ìlú Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ìgbà tó yá ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá ẹ̀ka rẹ̀ mọ̀: Local 28 wà ní New York, Local 73 ní Chicago, Local 100 ní agbègbè Washington àti Maryland, Local 54 ní Houston, Local 85 ní Atlanta. Àwọn ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé náà nìyẹn.

Ẹgbẹ́ nìkan kọ́ ló ń darí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ìgbìmọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní JATC. Ìdajì àwọn tó jókòó níbẹ̀ ń ṣojú òṣìṣẹ́, ìdajì ń ṣojú àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń gbà wọ́n síṣẹ́. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ bá ṣe, sẹ́ǹtì díẹ̀ á bọ́ sínú àpò ilé ẹ̀kọ́. Ìyẹn ni wọ́n fi ń sanwó olùkọ́ àti ẹ̀rọ, òun ló sì fà á tí owó tí ọmọ iṣẹ́ ń san fi kéré.

Nílé, àwa la ń sanwó fún ọ̀gá. Òbí á fọwọ́ síwèé, ọmọ á máa sìn, títí yóò fi gba fírídọ̀ọ̀mù. Níbí, ìwé àdéhùn wà bákan náà, ìjọba sì máa ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọn yóò ti máa sanwó fún ọmọ iṣẹ́. Ọdún 4 tàbí 5 ló ń gbà. Nínú rẹ̀, ẹ óò ṣe tó wákàtí 8,000 sí 10,000 lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ inú kíláàsì tí ìlànà ìjọba àpapọ̀ dámọ̀ràn pé kó má dín sí wákàtí 144 lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀ka kan, alẹ́ ni wọ́n ń ṣe kíláàsì. Ní òmíràn, wọn á mú yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé gbọ́dọ̀ béèrè èyí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ to ìwé yín jọ nísinsìnyí

Àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ni àkọ́kọ́. Ọmọ ìlú, ẹni tó ní green card, àti ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ lè gba fọ́ọ̀mù. Ẹni tó wá ṣèbẹ̀wò kò lè gbà á. Ẹni tó ń kàwé lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ bá agbẹjọ́rò ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tí ẹnìkan ń sọ fún yín pé òun lè fi ẹ̀kọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gba físà fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Wọn kì í ta ipò náà. Bí ẹ̀ka kan bá tiẹ̀ ń gba owó fọ́ọ̀mù, owó kékeré ni, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń gbà á, tó sì ń fúnni ní rìsíìtì.

Èkejì ni ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tó jáde ní Amẹ́ríkà kò ní ìṣòro. Ẹni tó wá pẹ̀lú WAEC gbọ́dọ̀ pe ọ́fíìsì ẹ̀ka náà, kó béèrè irú àyẹ̀wò ìwé ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń gbà, nítorí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kọ̀wé pé èsì yín bá ti girama Amẹ́ríkà dọ́gba. Àyẹ̀wò yìí lè pẹ́ o. Bí èsì WAEC bá ti sọnù, ó lè yá jù kí ẹ kàwé ṣe ìdánwò GED, tó ń rọ́pò ìwé ẹ̀rí girama ní Amẹ́ríkà.

Orúkọ ló sábà máa ń dá àwọn èèyàn wa dúró jù. Nínú WAEC, orúkọ bàbá ló ṣáájú. Nínú ìwé ìrìnnà, orúkọ àbísọ ló wà níwájú. Lórí láísẹ́ǹsì ọkọ̀, wọ́n gé orúkọ gígùn kúrú. Ìwé ìgbéyàwó tún gbé òmíràn dé. Akọ̀wé tó ń yẹ ìwé wò kò mọ̀ pé ẹnìkan náà ni. Ẹ mú ọ̀nà kan tí ẹ óò máa gbà kọ orúkọ yín, kó jẹ́ èyí tó wà lórí ìwé àṣẹ iṣẹ́ yín. Níbi tí ìwé kan bá ti yàtọ̀, ẹ ṣe ìwé ìbúra níwájú nótárì, kí ẹ so ó mọ́ ọn.

Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ṣe pàtàkì, nítorí ibi iṣẹ́ lè wà ní máìlì 40 sí ilé yín lónìí, kó wà ní apá kejì ìlú ní oṣù tó ń bọ̀, iṣẹ́ sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà tàbí méje òwúrọ̀, nígbà tí bọ́ọ̀sì kò tíì pọ̀ lójú pópó. Àyẹ̀wò oògùn olóró náà wà. Bí òfin ìpínlẹ̀ yín bá tiẹ̀ gba igbó láàyè, ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ṣì ń kọ ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka fẹ́ kí èèyàn pé ọdún 18. Òkè kò ní gbèdéke: ìlànà ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí wọ́n torí pé èèyàn ti lé ní ogójì ọdún kọ̀ ọ́. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè bẹ̀rẹ̀, tí ara bá gbé e. Obìnrin náà lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin.

Ìṣirò

Ẹni tó mọ ìdá inú ínṣì dáadáa ti ṣe ìlàjì ìdánwò àtiwọlé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tán. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa nílé, mítà àti sẹ̀ǹtímítà la fi kọ́ wa. Níbi iṣẹ́ páànù ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì ni gbogbo nǹkan, wọ́n sì ń pín ínṣì sí ìlàjì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ àti ìdá mẹ́rìndínlógún. Bí ẹ bá jẹ́ injiníà nílé pàápàá, téèpù yẹn lè dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ ra téèpù kan. Lálaalẹ́, ẹ wọn tábìlì, ilẹ̀kùn, fèrèsé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dé ìdá mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wọ́n kúrò lára wọn láìlo ẹ̀rọ ìṣirò. Bí àpẹẹrẹ, ínṣì 7 5/8, ẹ yọ 2 15/16 kúrò. Ẹ sọ 5/8 di 10/16 ná. 10 kò ṣeé yọ 15 kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ yá ínṣì kan láti inú 7, á di 6 26/16. Èsì rẹ̀ ni 4 11/16. Títí irú èyí yóò fi máa jáde lọ́kàn yín láìsí wàhálà ni kí ẹ máa ṣe é.

Ẹ fi èyí tó kù kún un. Tí ẹ bá fẹ́ ká páànù di ọ̀pá roboto tó fẹ̀ tó ínṣì 12, ẹ sọ 12 di ìlọ́po 3.1416, yóò fún yín ní 37.7, tó jẹ́ nǹkan bí 37 11/16 lórí téèpù. Ìwọ̀n páànù tí ẹ óò gé nìyẹn, kí ẹ tó fi ti ojú ìsopọ̀ kún un. Tí ó bá jẹ́ onígun mẹ́rin, ínṣì 12 sí 8, ẹ ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó di 40, ojú ìsopọ̀ tún wà lórí rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá igun kan gún, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 ní apá kan, 4 ní apá kejì. Bí ìdábùú rẹ̀ bá jẹ́ 5 gééré, igun yẹn gún.

Ìdánwò tún máa ń ní àwòrán páálí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọn á ní kí ẹ sọ irú àpótí tí yóò dà bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ pọ̀. Kò sí ìwé tó lè kọ́ yín ní èyí tó páálí gidi. Ẹ tú páálí ọṣẹ àti ti bàtà palẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ, kí ẹ ya tiyín sórí páálí mìíràn, gé e, ká a. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ní ọdún méjì àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn: bí a ṣe ń ya ohun tó ní ikùn sórí ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ló ń gé ọ̀pọ̀ páànù lónìí, síbẹ̀ ẹni tí kò rí àpótí náà lọ́kàn kò ní mọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ti gé e ní òdì.

Ẹ lè ka ìṣirò yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìkàwé gbogbogbò. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò bá ń kọ́ni ní jíjó irin pẹ̀lú owó díẹ̀, ó dára, ó lè fi máàkì kún tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ má yá ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń ṣèlérí iṣẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ yá owó kọ́, ẹgbẹ́ yóò sanwó fún yín láti kọ́ ọ.

Fọ́ọ̀mù, ìdánwò, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ojú òpó apprenticeship.gov ti ìjọba àpapọ̀ ní ibi tí ẹ ti lè wá ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà ní agbègbè yín. Àmọ́ ẹ tún pe ọ́fíìsì JATC fúnra wọn. Ìbéèrè mẹ́ta tó: Ìgbà wo ni ẹ ń gba fọ́ọ̀mù? Ìwé wo ni ẹ fẹ́? Kí ni ẹ fi ń fúnni ní máàkì? Ẹ̀ka kan ń gbà á látòkèdélẹ̀ ọdún, òmíràn ń ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tún pè wọ́n padà ní oṣù kan ṣáájú.

Lẹ́yìn ìdánwò ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, níwájú àwọn tó ń ṣojú òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣojú agbaṣẹ́ṣe. Wọn yóò béèrè ìdí tí ẹ fi yan iṣẹ́ páànù, tí ẹ kò yan iṣẹ́ iná tàbí iṣẹ́ páìpù omi. Ẹni tó bá dáhùn pé owó ni òun ń wá ti jọ gbogbo èèyàn. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ yín ṣe: mọ́tò tí ẹ tú, ilé tí ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín kọ́, ìdáná tí ẹ tún ṣe. Wọn yóò béèrè bóyá ẹ lè gun òkè, bóyá ẹ kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bí ẹ bá ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí tí ẹ kò sì pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ sọ ọ́, ó wúwo lójú wọn.

A kọ́ wa láti má tẹjú mọ́ àgbà nígbà tó bá ń bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ fi ẹ̀kọ́ yẹn pamọ́ fún ilé ní ọjọ́ yẹn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń wolẹ̀ ni wọ́n ń rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ wo ojú wọn, ẹ jẹ́ kí ohùn yín jáde. Bí wọn kò bá lè pe orúkọ yín, ẹ pè é fún wọn lẹ́ẹ̀mejì ní sùúrù. Kò yẹ kí Adébọ̀wálé di Debo nítorí iṣẹ́, àfi tí ó bá wu òun fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọn á to orúkọ gbogbo yín lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí máàkì, láti orí àtòkọ yẹn ni wọn yóò ti máa pe èèyàn bí iṣẹ́ bá ṣe wà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí irú àtòkọ yìí fi ṣe pàtàkì fún aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1964, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ New York tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rí i pé Local 28 kò tíì ní ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ọmọ iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kan rí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń mú ẹbí wọn wọlé. Ìjọba àpapọ̀ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 1971. Ní 1975, adájọ́ dá wọn lẹ́bi, ó sì ní kí àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun tó 29 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ kó tó di 1981. Wọn kò ṣe é, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn lé wọn. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ní 1986 sì ni ilé ẹjọ́ yẹn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí ló jìyà rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Àwa tó dé lẹ́yìn wọn ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n fi àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè yín fi ipò dù yín, òfin ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún yín láàyè láti fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́.

Bí orúkọ yín bá wà nísàlẹ̀ àtòkọ, ẹ má jókòó máa retí ìpè. Ẹ béèrè ibi tí máàkì yín ti kéré. Ẹ wá iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní ilé iṣẹ́ páànù kan, ẹ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oníwákàtí 10 ti OSHA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ́ ìṣirò sí i, kí ẹ sì tún gba fọ́ọ̀mù nígbà tó bá tún ṣí. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ti gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí lónìí, ìgbà kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n wọlé.

Ọdún àkọ́kọ́

Àwọn oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò ìwà. Bí ìlànà ṣe wà, àkókò ìdánwò yìí kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ. Láàárín rẹ̀, wọ́n lè dá yín dúró láìsí àlàyé púpọ̀. Ẹ óò máa gbá ilẹ̀, ẹ óò máa ru páànù, ẹ óò máa gbé irinṣẹ́ lé journeyman, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ti kọ́ṣẹ́ yege, lọ́wọ́. Ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n ẹ dúró dìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀.

Irinṣẹ́ díẹ̀ ni wọn yóò ní kí ẹ rà. Sísọ́ọ̀sì páànù ni olórí wọn, àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sì ń sọ ìlò rẹ̀: pupa ń gé lọ sí òsì, àwọ̀ ewé ń gé lọ sí ọ̀tún, ìyeyè ń gé tààrà. Ẹ tún mọ̀ pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí páànù ṣe nípọn tó ń lọ ní òdì: bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni páànù ń tín-ín-rín sí i. Páànù galvanized (èyí tí wọ́n fi síǹkì bò) onínọ́ńbà 26 kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, onínọ́ńbà 16 sì ju mìlímítà kan àtààbọ̀ lọ.

Etí páànù mú bí abẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí abẹ kò lè là, ẹ má fi ọwọ́ gbá páànù tó bá ń já bọ́ mú, ẹ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ẹ fi nǹkan dí etí yín níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń pariwo, nítorí etí tó bá lọ kì í padà. Nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n ń tún ṣe, asbestos, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, lè wà lára ọ̀pá afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú tó ń bó, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe fọ́máànù.

Owó

Ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún owó journeyman, á sì máa lọ sókè ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà tàbí lọ́dọọdún, bí wákàtí àti kíláàsì yín bá ti pé. Owó journeyman yàtọ̀ púpọ̀ láti ìlú sí ìlú. New York àti Chicago ga. Texas àti Georgia kéré sí wọn, nítorí òfin ìpínlẹ̀ méjèèjì kò jẹ́ kí wọ́n fi dandan lé sísan owó ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má wo owó orí wákàtí nìkan. Owó kejì wà tí kì í kan ọwọ́ ọmọ yín: agbaṣẹ́ṣe ń san án sí ètò ìlera àti sí owó ìfẹ̀yìntì lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àdéhùn ẹ̀ka hàn yín, níbi tí wọ́n ti kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Owó ẹgbẹ́ wà láti san lóṣooṣù. Iṣẹ́ náà sì lè tán: bí ilé kan bá parí, wọ́n lè dá yín dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orúkọ yín á lọ sórí ìwé àwọn tó ń dúró de iṣẹ́. Ẹ tọ́jú owó oṣù méjì sílẹ̀ kí ẹ tó ronú mọ́tò tuntun, kí ẹ sì fi orúkọ sílẹ̀ fún owó àìríṣẹ́ṣe lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró gan-an. Ẹ tún ka ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ ní kí ẹ fọwọ́ sí: ọ̀pọ̀ ló ní gbólóhùn pé bí ẹ bá kọ́ṣẹ́ tán, tí ẹ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tí kò sí nínú ẹgbẹ́, ẹ lè san owó ẹ̀kọ́ padà.

Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ẹ yege

Ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ni ẹ óò mọ ibi tí ọwọ́ yín dára sí. Ẹni tó fẹ́ràn jíjó irin, kó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń sanwó rẹ̀. Ẹni tí kọ̀ǹpútà mọ́ lára, kó béèrè fún ẹ̀ka tó ń ya àwòrán. Iṣẹ́ yẹn ń gbé èèyàn kúrò lórí àkàbà nígbà tí eékún bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Káàdì journeyman ṣeé gbé lọ sí ìlú mìíràn tí iṣẹ́ bá pọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀ka ibẹ̀ bá gbà yín.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ máa kó ìwé owó iṣẹ́ yín pamọ́, kí ẹ sì fi wé wákàtí tí ilé ẹ̀kọ́ kọ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí agbaṣẹ́ṣe kan bá gbàgbé láti fi wákàtí yín ránṣẹ́, owó yín kò ní lọ sókè lásìkò, owó ìfẹ̀yìntì yín náà yóò sì dín. Ọdún márùn-ún iṣẹ́ ló sábà máa ń sọ owó ìfẹ̀yìntì náà di tiyín pátápátá. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ iye ọdún tí wọ́n ti kọ fún yín, kí ẹ sì rí i dájú pé orúkọ ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ tí yóò jogún rẹ̀ wà nínú ìwé bí ó ṣe wà lórí ìwé tiwọn.